Bí A Ti Ń Yẹ Ọ̀dọ́ Àgùntàn Wò Kí A Tó Fi Bẹ̀rẹ̀ Agbo

Gonin Gora wà ní ìhà gúúsù ìlú Kàdúná, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Àbújá. Àgùntàn Yankasa ni ó wọ́pọ̀ ní agbègbè náà: funfun ni, dúdú sì yí ojú, etí, imú àti pátákò rẹ̀ ká. Ó wà lára àwọn ẹran tí Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí lórí Ohun Ọ̀sìn (NAPRI), tí Ìjọba Àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Shíkà nítòsí Sáríà ní 1976, ti ṣe ìwádìí lé lórí. Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa tí ẹ ń gbé níbẹ̀, tàbí tí ẹ fẹ́ ra ẹran sìn láti ibẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó san owó.

Ẹran tí a ó pa ní Iléyá, ọ̀rá ara rẹ̀ ni à ń wò. Èyí tí yóò bímọ fún wa, egungun rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Àgbò kan lè gun abo 20 sí 30 ní àsìkò kan. Bí ó bá ní àbùkù tí ọmọ lè jogún, ọdún mélòó kan yóò kọjá kí ẹ tó lè mú un kúrò nínú agbo yín.

Ẹ la ẹnu rẹ̀. Àgùntàn kò ní eyín iwájú lókè. Èrìgì líle ni ó wà níbẹ̀. Eyín 8 ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ pàdé èrìgì yìí gẹ́ẹ́. Bí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ bá yọ síwájú tàbí tí ó fà sẹ́yìn, ẹran náà kò ní lè já koríko kúkúrú nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Eyín yìí náà ni yóò sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún yín, ohun yòówù kí ẹni tí ń tà á máa wí. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣì kéré, eyín ọmọ ni. Bí eyín ńlá 2 bá ti yọ láàrin, ó ti lé ní ọdún kan. Bí ó bá di 4, ó ti tó nǹkan bí ọdún 2.

Ẹ jẹ́ kí ó rìn. Ẹran tí a so mọ́lẹ̀ kò ṣeé dá lẹ́jọ́. Ẹ dúró níwájú rẹ̀: kí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì nà tààrà, kí eékún má máa gbá ara wọn. Ẹ bọ́ sẹ́yìn: oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ fara kan ara wọn. Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ nà ṣánṣán bí òpó, kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ bí dòjé. Ọrùn ẹsẹ̀ lókè pátákò gbọ́dọ̀ le. Èyí tí ó bá rọ̀ títí tí èékánná kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń kan ilẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Orí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni àgbò ń gbé gbogbo ara lé nígbà tí ó bá ń gun abo. Àwọn àgbà ní àgbò tí ó tàdí mẹ́yìn, agbára ni ó lọ mú wá. Ibẹ̀ gan-an ni agbára náà wà.

Kí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ láti èjìká dé ìbàdí. Kí àyà jìn, kí ìhà sì yọ síta díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà. Ikùn ńlá kì í ṣe ẹ̀rí. Omi àti koríko lè kún inú rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn: bí ó bá mú bí ọ̀bẹ, ẹran náà rù. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wò: bí inú rẹ̀ bá funfun dípò pupa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dín, aràn sì ni ó sábà máa ń fà á.

Fún àgbò, ẹ fi ọwọ́ kan kóró ẹpọ̀n. Méjì ni, kí wọ́n dọ́gba, kí wọ́n le díẹ̀, kí wọ́n sì máa yí nínú àpò wọn. Èyí tí ó ní ẹyọ kan kò yẹ fún agbo. Ẹ rántí pé àwọn kan ń tẹ àgbò tí wọ́n fẹ́ bọ́ sanra lọ́dàá. Fún abo, ẹ wá ìbàdí tí ó gbòòrò àti orí ọmú 2 tí kò lábùkù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àgbò gùn ún kí ó tó wúwo tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n ìyá rẹ̀. Oṣù 5 ni yóò fi ru oyún.

Ẹni tí ó fẹ́ kó ẹran lọ sí ilẹ̀ igbó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Yankasa kò lágbára tó àgùntàn kúkúrú ilẹ̀ wa lójú àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Bí eṣinṣin náà bá pọ̀ lọ́dọ̀ yín, àgùntàn kúkúrú ni kí ẹ fi ọ̀nà kan náà yìí yẹ̀ wò. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3 kí ó tó dara pọ̀ mọ́ agbo, kí ẹ máa ṣọ́ ikọ́, ìgbẹ́ gbuuru àti egbò ẹnu. Kí ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára PPR lọ́wọ́ dókítà ẹran. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba tí ó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é.