Ìtọ́jú Ilé Ìwòsàn Nínú Ilé Wa

Ní òní a óò ka ọ̀rọ̀ nípa bí aláìsàn ṣe lè rí ìtọ́jú ilé ìwòsàn gbà láìkúrò nínú ilé rẹ̀. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àgbo ni, tàbí ti àwọn tó ń kiri oògùn lórí igbá o. Ìtọ́jú tí dókítà fọwọ́ sí, tí àwa fúnra wa ń ṣe ní ojúlé wa, ni mò ń wí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni n óò fi bẹ̀rẹ̀. Godomey níhìn-ín ló ń gbé, ní ọ̀nà Togoudo, níbi tí omi òjò ti máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ní ìgbà òjò ọdún 2019, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ oṣù 9 bẹ̀rẹ̀ sí ya ìgbẹ́ gbuuru. Ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n ní kò tí ì burú débi tí wọn óò fi dá a dúró. Wọ́n fún un ní àpò oògùn kékeré 2, wọ́n ní kó lọ máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Ẹni tó fún un ní oògùn sọ̀rọ̀ kíákíá ní èdè Faransé. Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé, "Wí, wí." Kò sì gbọ́ nǹkan kan! Èèyàn pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ojú ń tì í láti tún bèèrè.

Nígbà tó délé, ó tú odindi àpò kan sínú ife omi kan. Ó rò pé bó bá ṣe ki tó ni yóò ṣe lágbára tó. Ọmọ mu ún, ó bì í. Ó tún fún un. Nígbà tó fi máa di òru, ètè ọmọ ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ó ń sunkún, omi kò jáde lójú rẹ̀. Zẹ́mìjàn ni a fi gbé e nínú òjò, a gba oríta Godomey kọjá. Ọjọ́ 3 ló lò nílé ìwòsàn tí wọ́n ń kán omi sí i ní iṣan. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ọmọ náà yè.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá lóru ọjọ́ náà gba àpò kejì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó fi ìka tọ́ka sí ohun tí wọ́n kọ sí i lára: 1 litre. Oògùn náà dára. Omi tó fi pò ó ló kéré jù. Bí iyọ̀ bá pọ̀ ju omi lọ, ṣe ni yóò tún máa fa omi jáde lára ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a ka àpò náà pọ̀. Lẹ́tà 3 ló wà níwájú rẹ̀: S, R, O. Bí ẹ bá rí i ní ilẹ̀ Nàìjíríà, O, R, S ni wọn óò kọ. Oògùn kan náà ni, iyọ̀ àti ṣúgà tí a wọ̀n, tí ń dá omi padà sára. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ 1 litre sí. Báwo la óò ṣe mọ lítà kan? Ẹ mú ọ̀rá piọ wótà, ẹ ka ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ 50 cl ni wọ́n kọ, ọ̀rá 2 ni lítà 1, nítorí 50 àti 50 jẹ́ 100, 100 cl sì ni lítà 1. Bí kò bá jẹ́ 50 cl, ẹ má fi wọ̀n ọ́n.

Ẹnìkan nínú kíláàsì bi mí pé: "Iyọ̀ àti ṣúgà lásán, ṣé èyí náà ni ẹ ń pè ní ìtọ́jú ilé ìwòsàn?" Ìbéèrè rere ni. Ní ọdún 1971, nígbà ogun Bangladesh, ogunlọ́gọ̀ èèyàn sá wọ ilẹ̀ Índíà. Kọ́lẹ́rà, tí àwọn àgbà ń pè ní onígbáméjì, bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn ní ìlú Bangaon. Omi tí wọ́n ń kán sí iṣan ń tán lọ, àwọn aláìsàn ń sùn sórí ilẹ̀. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀, ṣúgà àti sódà mọ́ omi nínú àgbá, kí àwọn ẹbí máa fi ife bù ú fún èèyàn wọn. Tẹ́lẹ̀, nínú aláìsàn 100, nǹkan bí 30 ló ń kú. Nígbà tí wọ́n ń mu omi yìí, àwọn tó kú kò tó 4 nínú 100. Omi lásán kì í dúró nínú ìfun ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ṣúgà ló ń ṣílẹ̀kùn fún iyọ̀, iyọ̀ sì ń fa omi wọlé. Ìyẹn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Láti 1980 sí 1990, ẹgbẹ́ BRAC ní Bangladesh rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé, ó ju ilé mílíọ̀nù 12 lọ, kí wọ́n kọ́ àwọn ìyá bí a ti ń po omi náà. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń san owó àwọn olùkọ́ náà: wọ́n ń padà lọ bi àwọn ìyá léèrè, iye ohun tí ìyá bá rántí ni wọ́n fi ń ṣírò owó. Bó bá jẹ́ báyìí ni wọ́n ń san owó tèmi, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé n óò máa jẹun?

Àwọn olówó náà ń gba ìtọ́jú nílé. Ní New York, ilé ìwòsàn Montefiore bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú aláìsàn nínú ilé wọn ní ọdún 1947. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí ilé ìwòsàn máa tọ́jú ẹni tó yẹ kó sùn sọ́dọ̀ wọn nínú ilé onítọ̀hún. Nọ́ọ̀sì ń lọ bá a, dókítà ń bá a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ, bó bá burú wọ́n á gbé e padà. Àwa kò ní gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ a ní àwọn rẹlé, èèyàn àdúgbò tí wọ́n kọ́ láti tọ́jú ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àìsàn èémí fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5. Bí rẹlé bá wà ládùúgbò yín, ẹ mọ ilé rẹ̀ kí àìsàn tó dé.

Ó dára, ẹ jẹ́ kí a po oògùn wa. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ se omi, ẹ jẹ́ kó tutù, pàápàá bó bá jẹ́ omi kànga. (Abẹ́ ilẹ̀ Godomey ni wọ́n ti ń fa omi tí Kútọnú ń mu, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ń fa omi kànga tí ilé ìgbẹ́ wà nítòsí rẹ̀!) Ẹ tú odindi àpò 1 sínú lítà 1, ẹ rò ó. Ẹ má fi ṣúgà kún un. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 2 yóò mu 5 cl sí 10 cl lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Bó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kó máa mu ọmú, kó máa jẹun. Èyí tó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù. Bí ẹ kò bá rí SRO, ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ nínú omi lítà 1, kí ṣíbí má ṣe kún gègèrè.

Ilé ìwòsàn tún máa ń fúnni ní hóró síńkì. Hóró 20 mg kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 10, ìdajì fún ọmọ tí kò tí ì pé oṣù 6. Ìgbẹ́ lè dá ní ọjọ́ kẹta. Ẹ má fi èyí tó kù pamọ́ de àbúrò rẹ̀ o, ẹ lò ó tán.

Bí ọmọ kò bá lè mu nǹkan mọ́, bó bá ń bì gbogbo ohun tó mu, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bó bá ń rẹ̀ ẹ́ débi pé kò fẹ́ jí, tàbí tí ẹ fa awọ ikùn rẹ̀ tí kò tètè padà, ẹ gbé e, kí ẹ máa lọ. Ẹ má dúró de bàbá ọmọ. Ẹ máa fún un ní SRO lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá sì bá yín sọ èdè tí ẹ kò gbọ́, ẹ má dáhùn pé "wí".

Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú kíláàsì wa báyìí, ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Òun ló ní kí n fi ìṣirò yìí sí i:

Ìyá kan ní àpò SRO 4 àti ọ̀rá omi 6, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 cl. Omi rẹ̀ tó fún àpò mélòó? Nínú ìwọ̀nyí, mélòó ló yẹ kó pò lẹ́ẹ̀kan náà fún ọmọ kan?