Ẹ̀kọ́ Ìlera: Eruku Tí Ń Bá Ni Wá Sílé

Ilé iṣẹ́ pọ̀ ní Ọ̀tà àti ní agbègbè Ṣàngó Toll Gate, ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ sì ń rí oúnjẹ òòjọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n eruku iṣẹ́ a máa bá ènìyàn délé. Èyí tí ó burú púpọ̀ nínú rẹ̀ ni eruku òjé, irú òjé tí ó wà nínú bátìrì ọkọ̀. Kò ní òórùn, kò sì ń ta ni lára. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá gbé e mì, a máa ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ní ọdún 2010, ní Zamfara ní ilẹ̀ Hausa, òjé inú òkúta wúrà tí a ń lọ̀ nínú ilé pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ.

Nítorí náà, kí ẹni tí ń tú bátìrì tàbí tí ń yọ́ òjé kíyèsí nǹkan wọ̀nyí:

1. Kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun.
2. Kí ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, kí ó sì wẹ̀, kí ó tó gbé ọmọ. Kí a fọ aṣọ náà lọ́tọ̀.
3. Kí a má ṣe gbá ilẹ̀ ní gbígbẹ. Aṣọ tútù ni kí a fi nù ún.
4. Kí a má ṣe yọ́ òjé nínú agbo ilé.
5. Bí inú bá ń run ọmọ lemọ́lemọ́, tàbí bí gìrì bá mú un, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí a sì sọ irú iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe.

Ọwọ́ tí ń wá oúnjẹ ọmọ ni. Kí ó má ṣe di ọwọ́ tí ń gbé májèlé wá fún un.