Ọ̀nà tí Ètò ń Gbà Dé Orí Tẹlifíṣọ̀n

Ojoojúmọ́ ni a ń wo tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ta ni ó ń yan ohun tí a ń wò, ìlànà wo ni ó sì ń tẹ̀ lé? Èyí ni ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí. BBC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti ń ṣe ìròyìn lédè Yorùbá láti ọdún 2018, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

1. Yíyan ètò

Kì í ṣe BBC ni ó ń ṣe gbogbo ètò tí ó ń gbé jáde. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1990 là á sílẹ̀ pé, yàtọ̀ sí ìròyìn, ó kéré tán ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ètò gbọ́dọ̀ wá láti ọwọ́ àwọn aládàáni. Ẹni tí ó ní èrò yóò kọ ọ́ sínú ìwé ṣókí: kí ni ìtàn náà, ta ni yóò wò ó, eélòó ni yóò ná wọn? Yóò gbé e lọ bá olóòtú tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyan ètò. Adùn ìtàn nìkan kọ́ ni olóòtú yìí ń wò. Ó ń wo àyè tí ó ṣí sílẹ̀, owó tí ó wà, àti bóyá irú rẹ̀ kò ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ èrò kì í kọjá ibẹ̀.

2. Ìlànà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe ètò fún BBC gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìwé ìlànà rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, kí ó má ṣègbè, kí ó sì dáàbò bo ọmọdé. Ẹni tí a bá fi ẹ̀sùn ńlá kàn gbọ́dọ̀ láǹfààní láti fèsì. Bí ọ̀rọ̀ bá rú aṣètò lójú, kí ó má dá a pinnu. Kí ó gbé e lọ bá ọ̀gá.

3. Bí a bá rú ìlànà ńkọ́?

Ní November 1995, nǹkan bí mílíọ̀nù 23 ènìyàn wo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí Martin Bashir ṣe fún Diana, aya Charles. Lọ́dún 2021, Lord Dyson, adájọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, jábọ̀ pé ayédèrú ìwé báǹkì ni Bashir fi han àbúrò Diana ọkùnrin kí ó tó ráyè dé ọ̀dọ̀ Diana. Ó ní èyí rú ìlànà BBC gan-an, àti pé ìwádìí tí BBC ṣe lọ́dún 1996 kò múná dóko. Ìwé ìlànà wà nílẹ̀ nígbà náà. Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n ni kò ṣe é. Ìwé kì í dá ìwà tọ́.

4. Ìpín tiwa

Ní Nàìjíríà, àjọ NBC tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1992 ní ìwé ìlànà tirẹ̀. Lọ́dún 2004, ó ka gbígbé iṣẹ́ ìyanu tí kò ní ẹ̀rí jáde léèwọ̀. Òǹwòran tí ètò kan bá ṣì lọ́nà lè kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà tàbí sí àjọ yìí: kí ó dárúkọ ètò, ọjọ́ àti aago. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe ètò náà gbọ́dọ̀ ka ìlànà kí ó tó gbé kámẹ́rà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(a) Kí ni olóòtú ń wò kí ó tó gba ètò?
(b) Bí irọ́ bá mú ètò dùn, ta ni yóò san gbèsè rẹ̀?