Obì Gbànja: Kí Á Tà Á Ni, Tàbí Kí Á Pa Á Mọ́?

Obì gbànja kì í ṣe oúnjẹ ẹni tí ó gbìn ín. Ilẹ̀ Yorùbá ni a ti ń kórè rẹ̀, Òkè Ọya ni a ti ń jẹ ẹ́ jù. Láyé àtijọ́, ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni àwọn Hausa fi ń ru obì gba ọ̀nà Gonja, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí; láti ibẹ̀ ni orúkọ gbànja ti wá. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń rìn láti Èkó dé Kánò, obì Agége àti agbègbè rẹ̀ sì rí ọ̀nà lọ. Lónìí, ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń kó èyí tí ó pọ̀ jù.

Nígbà tí a bá ti bọ́ awọ obì, tí a fọ̀ ọ́, tí a sì fi ewé tẹ́ agbọ̀n dì í, ọ̀rọ̀ kan a máa da àgbẹ̀ láàmú: kí òun tà á lójú ẹsẹ̀ ni, tàbí kí òun dúró de ọ̀wọ́n? Ọ̀pọ̀ ni ó ń wo ohun tí aládùúgbò ṣe. Ìṣirò sàn ju èyíinì lọ.

Bí ọkùnrin kan bá ní agbọ̀n 20, tí a ń ra ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦50,000, ₦1,000,000 ni yóò gbà lónìí. Ó retí pé lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, agbọ̀n kan yóò di ₦80,000. Ewé tuntun, owó àwọn tí ń ṣa obì, àti owó iyàrá yóò gba ₦120,000. Bí kòkòrò bá ba agbọ̀n 4 jẹ́, 16 tí ó kù yóò mú ₦1,280,000 wá. Bí a bá yọ ìnáwó, ó kù ₦1,160,000. Ó jèrè. Ṣùgbọ́n bí agbọ̀n 8 bá bàjẹ́, ₦840,000 péré ni yóò kù sí i lọ́wọ́. Agbọ̀n 14 ni ààlà rẹ̀: òun ni yóò mú ₦1,000,000 gan-an wá lẹ́yìn ìnáwó. Bí ọjà bá sì dúró ní ₦70,000, ààlà náà di agbọ̀n 16. Ẹni tí ó jẹ gbèsè gbọdọ̀ fi èlé oṣù mẹ́rin kún ìnáwó. Èyí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù.

Nítorí náà, kí ó tó pinnu, kí ó yẹ obì wò. Inú oko ni kòkòrò ti ń wọ̀ ọ́, pàápàá bí a bá pẹ́ kí á tó kórè. Kí ó mú 100 obì láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ oríṣiríṣi agbọ̀n, kí ó ka èyí tí ó ti lu. Bí wọ́n bá pọ̀, kí ó tà.

Nípa iye tí ó yẹ kí ó kó lẹ́ẹ̀kan, Ford Harris, ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé lórí irú rẹ̀ ní ọdún 1913, nípa ilé iṣẹ́. Bí ẹrù ẹ̀ẹ̀kan bá ti ń pọ̀ sí i, owó ìrìn àjò lórí agbọ̀n kọ̀ọ̀kan ń dínkù, owó ìpamọ́ sì ń gòkè. Níbi tí àpapọ̀ méjèèjì bá ti dọ́gba ni ìnáwó ti kéré jù. Ṣùgbọ́n Harris kò ro ti ọkọ̀ tí ó kú sójú ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́ta nínú oòrùn. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ pọ̀, kí ó pín in sí ọkọ̀ méjì, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ fi díẹ̀ pọ̀ sí i.

Kí ó ní ìwé kékeré kan fún ọjọ́ tí a di agbọ̀n, iye tí ó bàjẹ́ lóṣooṣù, àti iye tí a tà á. Ìwé ọdún yìí ni yóò fi ṣírò ti ọdún tí ń bọ̀.