Ta Ni Ojú Rẹ̀ Wà Lára Ọmọ Náà?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń gbàlejò ọmọ-ọmọ ní Kútọnu lásìkò ìsinmi yìí, ẹ gbọ́ o. Ìgbà tí ẹbí bá kóra jọ jáde, tí àgbàlagbà inú wọn pọ̀ ju ọmọdé lọ, ìgbà náà gan-an ni ọmọ máa ń sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́, tí tíì gbígbóná ń bó o lára, tí òkun ń gbé e lọ. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò náání ọmọ. Ìyá rò pé bàbá ló ń wò ó, bàbá rò pé àǹtí ló dì í lọ́wọ́ mú, àǹtí sì ń ya fọ́tò lọ́wọ́. Ewúrẹ́ tó bá jẹ́ ti ẹni mẹ́ta, ebi ni yóò pa á kú.

Àwọn ará Yúróòpù ní ìgbà ìrúwé, tí òtútù bá ká ẹsẹ̀ nílẹ̀ tí òdòdó sì yọ, tí wọ́n ń kó ọmọ lọ sí ọgbà, lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, lọ mu tíì. Ojú ọjọ́ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ́dọ̀ wa ni àsìkò àkọ́rọ̀ òjò, láti bí ìdajì oṣù Kẹta wọ oṣù Karùn-ún. Máńgòrò ti pọ́n, pánṣẹ́kẹ́ ń tanná pupa létí títì, ọmọ wà nílé fún ìsinmi Àjíǹde, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Àjíǹde sì jẹ́ ìsinmi gbogbo gbòò ní Benin. Ẹbí ń gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé láti Èkó, àwọn ti Paris àti Lọ́ńdọ̀nù ń balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Cadjèhoun. Ohun tí mo fẹ́ kìlọ̀ fún wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó wọ̀ wọ́n létí.

Kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn ilé, ẹ pín ọmọ. Ẹ má sọ pé "gbogbo wa la jọ ń wò wọ́n o." Ẹ dárúkọ: "Bọ̀dá Kúnlé, ẹ̀yin lẹ ni Tóyìn títí a ó fi jẹun." Bí Bọ̀dá Kúnlé bá fẹ́ lọ tọ̀, kí ó fa Tóyìn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ẹni náà sì fi ẹnu dáhùn pé òun ti gbà á. Ìdáhùn yẹn ṣe pàtàkì. Mímì orí kò tó. Ẹ má sì fi ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta kí ẹ wá pe ara yín ní ẹni tó ní olùrànlọ́wọ́. Ọmọdé ni òun náà, òun náà fẹ́ wo nǹkan.

Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù sí ọmọ lápá, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sí bébà tí ẹ ó fi sí i lápò. Níbí, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà fóònù ní Benin ti kúrò ní díjíìtì 8 tó di 10, tí 01 wà níwájú gbogbo wọn. Ọmọ tó ti há nọ́ńbà bàbá àgbà sórí ṣáájú ọjọ́ yẹn há ohun tí kò ní wọlé mọ́. Ẹ tún un kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti Èkó wá, nọ́ńbà Nàìjíríà tí kò sí owó ìpè òkèèrè lórí rẹ̀ kò wúlò lápá ọmọ. Nọ́ńbà ẹni tó ń gbé Kútọnu ni kí ẹ kọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ zém, ọ̀kadà akérò wa, ńkọ́? Èmi kò ní sọ pé kí ẹ má gùn ún, nítorí mo mọ ìlú tí mò ń gbé. Ṣùgbọ́n ìyá kan, ọmọ mẹ́ta, àpò oúnjẹ, lẹ́yìn ọ̀dọ́mọkùnrin aláṣọ yẹ́lò kan ṣoṣo, ìyẹn kì í ṣe ọ̀nà à ń lọ gbádùn. Ẹ gbé ọmọ gùn ún láti ọwọ́ òsì, nítorí apá ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà wà lára ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀kadà. Ẹ wo ojúgun àwọn ọmọ àdúgbò yín, apá ọ̀tún, lápá inú: ẹ ó rí àpá róbótó tó ń dán lára àwọn kan. Sàlẹ́ńsà ló fi síbẹ̀. Bí owó bá gbà á, ẹ pe mọ́tò lórí áàpù Gozem tàbí kí ẹ dá táksí kan fún gbogbo ilé. Bí ẹ bá sì ní mọ́tò tiyín, ẹ má fi ọmọ tó sùn sílẹ̀ nínú rẹ̀ "fún ìṣẹ́jú díẹ̀" pẹ̀lú gíláàsì dídé. Nínú oòrùn oṣù Kẹrin, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ibi tí èrò ń wọ́ lọ jù lórí Boulevard de la Marina ni Esplanade des Amazones, níbi ère obìnrin jagunjagun Dàhómì tó ga ní mítà 30, tí Ààrẹ Patrice Talon ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2022. Ibi ẹlẹ́wà ni. Jardin de Mathieu, ọgbà tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà sí, kò jìnnà síbẹ̀. Àmọ́ ibòji kò pọ̀ lábẹ́ ère yẹn, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń ta ooru padà sókè, ojú ọmọ kékeré sì sún mọ́ ilẹ̀ ju tiwa lọ. Ẹ lọ kí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tó lù, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ mú omi dání. Títì tó wà níbẹ̀ fẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ń dán, ọkọ̀ sì ń sáré níbẹ̀. Ọmọ tó rí ère lódì kejì kò rí ọkọ̀ mọ́. Ọwọ́ ni kí ẹ fi dì í mú, kì í ṣe ohùn.

Ọmọ Ẹ̀gbá àti ọmọ Kétu tó bá dúró níwájú ère náà sì ní ìtàn tirẹ̀ láti sọ. Àwọn obìnrin ogun Dàhómì wà nínú ogun tó dojú kọ Abẹ́òkúta ní 1851 àti ní 1864, tí àwọn Ẹ̀gbá lé padà, Dàhómì ló sì pa Kétu run ní 1886. Kò burú kí ìyá àgbà sọ ọ́ fún ọmọ bí òun ṣe gbọ́ ọ nílé tirẹ̀; ó tilẹ̀ dára, nítorí ère kì í sọ gbogbo ìtàn. Àmọ́ kí ìyá àgbà jókòó sí ibòji sọ ọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára ọmọ, torí ìtàn dídùn wà lára ohun tó ń mú àgbà gbàgbé ọmọ.

Ẹ ya fọ́tò ère bó ṣe wù yín. Ilé ààrẹ, bárékè àti pápákọ̀ òfurufú ni kí ẹ yí kámẹ́rà kúrò lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ní kí ẹ pa fọ́tò rẹ́, ẹ pa á rẹ́, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ. Pápákọ̀ òfurufú Cadjèhoun yìí náà ni Bob Denard àti àwọn jagunjagun àfowórà rẹ̀ balẹ̀ sí láàárọ̀ ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1977 láti gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mathieu Kérékou, tí wọ́n sì kùnà. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní bá ẹ̀ṣọ́ jiyàn níwájú ọmọ.

Ní ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra. Ìlú tí inú rẹ̀ dùn nígbà tí àwọn ohun ìṣúra Abọ́mẹ̀ 26 padà dé láti Faransé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, tí wọ́n sì pàtẹ wọn fún gbogbo ènìyàn ní Palais de la Marina ní 2022, ti ń tún ilé kọ́ láti ìgbà náà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ouidah tó wà nínú odi àwọn Potogí, tí wọ́n ṣí ní 1967, ti wà lábẹ́ àtúnṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má kó ọmọ márùn-ún lọ jókòó síwájú géètì títì. Ẹ pe wọ́n, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí àti iye tí wọ́n ń gbà. Fondation Zinsou, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kútọnu ní 2005 tó sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀ ní Ouidah ní 2013, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà bí ẹnì kan bá dúró lójú ọ̀nà tó ní òun ló ń gba owó ìwọlé, ẹ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ lọ béèrè nínú ọ́fíìsì. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fúnra rẹ̀, ewu kò pọ̀, àfi pé yàrá ń wọnú yàrá. Ẹni tó ni ọmọ ni kó tẹ̀ lé e, kì í ṣe ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù.

Ilé tíì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù nínú gbogbo ibi tó ní òrùlé. Ní Haie Vive tó kángun sí Cadjèhoun, àwọn salon de thé wà tí wọ́n ń tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, aṣọ náà á sì gùn wá sílẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́rìndínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìrìn kò rí ohun tó wà lórí tábìlì. Etí aṣọ tó ń mì ló rí. Ó di í mú láti fi gbé ara rẹ̀ dìde. Pọ́ọ̀tù tíì ni yóò kọ́kọ́ dé. Nítorí náà, bí ẹ bá ti jókòó, ẹ ká etí aṣọ náà sókè, ẹ ti pọ́ọ̀tù sí àárín, ẹ yí ẹnu rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọmọ, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ife gbígbóná bí ọmọ bá wà lórí itan rẹ̀.

Bí tíì bá ti bó ọmọ, omi ẹ̀rọ tútù ni kí ẹ bu sí ojú ibẹ̀, kó máa ṣàn fún ìṣẹ́jú 20 gbáko, lẹ́yìn tí ẹ ti bọ́ aṣọ tó rin kúrò. Kì í ṣe yìnyín. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fọ́ ẹyin lé e, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín kùn ún. Mo mọ̀ pé ìyá yín ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín. Dókítà ni yóò máa ha gbogbo rẹ̀ kúrò lójú egbò, ẹkún ọmọ ni yóò sì di ìlọ́po méjì. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Oúnjẹ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Dèguè oníwàrà tí kò tutù mọ́ lè ti bàjẹ́, bó ti wù kó dùn tó; ẹ wò ó bóyá inú fìríìjì ni wọ́n ti mú un jáde tàbí inú agbada tó ti wà lóòrùn láti àárọ̀. Ẹ má fi ẹ̀pà sísun fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, pàápàá nígbà tó bá ń sáré kiri, torí ó lè há a lọ́nà ọ̀fun.

Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí leji ń pa. Òjò oṣù Kẹrin kì í kàn rọ̀, ìjì ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá ṣú níhà ìlà oòrùn, ẹ kó ọmọ kúrò lábẹ́ igi àti lábẹ́ pátákó ìpolówó, ẹ wọ inú ilé. Kútọnu kò ga ju òkun lọ púpọ̀. Bí omi bá ti bo títì, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí gọ́tà tí kò ní ọmọrí wà mọ́. Ẹ dúró kí omi fà. Bí ẹ ò bá lè dúró, àgbà ni kó ṣáájú, kó máa fi igi wádìí ilẹ̀, kí ọmọ wà lẹ́yìn àgbà. Òjò a sì máa mú ẹ̀fọn wá, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun kò sì ní ara tó mọ ibà wa. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn fún wọn bó bá ti di aago mẹ́fà, kí wọ́n sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn. Bí ara wọn bá gbóná lẹ́yìn tí wọ́n padà sí Lọ́ńdọ̀nù, kódà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ sọ fún dókítà níbẹ̀ pé Benin ni wọ́n ti dé.

Mo fi òkun ṣe ìkẹyìn nítorí pé òun ni ẹbí máa ń fi parí ọjọ́. Wọ́n ti rí ère, wọ́n ti jẹ kéèkì, ẹnì kan á ní, "Ẹ jẹ́ ká kàn yà sí Fidjrossè." Etíkun Fidjrossè kò jìnnà sí Cadjèhoun, ọjọ́ Àìkú ni ó sì máa ń kún fọ́fọ́. Ẹ yà síbẹ̀, ẹ jẹ ẹja yíyan, ẹ jókòó lórí iyanrìn. Ẹ má wọ omi. Òkun yìí kan náà ni ó mú kí ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ máa dúró ní òkèèrè, tí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ń la ìgbì kọjá lọ kó ẹrù, títí wọ́n fi kọ́ afárá ẹrù ní 1891, tí èbúté òní fi ṣí ní 1965. Omi tí ìgbì kó wá sí etíkun gbọ́dọ̀ padà. Ó máa ń kóra jọ sí ojú ọ̀nà tóóró kan, á sì sáré padà sínú agbami. Lójú ọ̀nà tóóró yẹn, ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ ga, omi á dà bí ẹni pé ó rọ̀, ibẹ̀ gan-an ni àlejò á sì yàn láti wẹ̀.

Bí omi yìí bá gbé ẹnì kan, kí ó má bá a jà láti padà tààrà, okun rẹ̀ á tán. Kí ó léfòó, kí ó gbé ọwọ́ sókè, kí ó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí omi yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀, má bẹ́ sómi tẹ̀ lé e. Ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo sí i, tàbí okùn, kí o sì pariwo pe àwọn apẹja, wọ́n mọ omi yẹn ju gbogbo wa lọ. Ọmọ tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan omi, kí àgbà kan wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o, láìsí fóònù lọ́wọ́ kejì.

Bí pàjáwìrì bá dé, 118 ni ti panápaná, 117 ni ti ọlọ́pàá. Ẹ fi méjèèjì sínú fóònù gbogbo àgbà tó ń bá yín jáde, títí kan ti ìyá àgbà, kí ẹ sì fi bí wọ́n ṣe ń pè é hàn wọ́n nínú ilé kí ẹ tó gbéra.