Bí Kámẹ́rà Bá Dákẹ́, Ẹ Wádìí Ìdákẹ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gun àkàbà kiri láti fi kámẹ́rà mọ́ ara ògiri, ẹ gbọ́. Oníbàárà yín kì í jókòó ti àwòrán. Ó ń sùn, ó ti lọ sọ́jà, tàbí kó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kí ilé rẹ̀ wà n'Íbàdàn. Ohun tó torí ẹ̀ sanwó ni pé kí wọ́n pè é nígbà tó yẹ, kí wọ́n sì jẹ́ kó sinmi nígbà tí kò sí nǹkan. Ẹni tó bá mọ kámẹ́rà í so, tí kò mọ bí a ṣe ń ránṣẹ́ láti inú rẹ̀, àbọ̀ iṣẹ́ ló kọ́.

MQTT ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ránṣẹ́ náà. Andy Stanford-Clark ti IBM àti Arlen Nipper ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1999, nítorí àwọn páìpù epo rọ̀bì tó jìnnà sí ìlú, tó jẹ́ pé sátẹ́láìtì ló ń gbé ọ̀rọ̀ wọn, owó sátẹ́láìtì sì wọ́n. Nítorí náà ni kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Àwa tí à ń ra dátà mọ ìwúlò ìyẹn. Alárinà kan ló wà láàárín, tí wọ́n ń pè ní broker. Sọ́fítíwíà kámẹ́rà, ẹ jẹ́ ká mú Frigate, á fi ọ̀rọ̀ lé alárinà lọ́wọ́ lábẹ́ àkọlé kan. Home Assistant, sọ́fítíwíà tó ń darí ẹ̀rọ ilé, ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àkọlé yẹn lòun fẹ́ gbọ́. Alárinà á gbé e fún un. Fídíò kò bá ibẹ̀ kọjá o. Ọ̀nà RTSP ni fídíò ń gbà dé ọ̀dọ̀ Frigate. Ẹ má ṣe kó fídíò lé alárinà lórí, kì í ṣe ẹrù rẹ̀.

Bí nǹkan kò bá ṣiṣẹ́, ibi tí mo ti ń rí i tí ọ̀pọ̀ yín ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú nǹkan ni Home Assistant, nítorí ibẹ̀ lojú ti ń rí bọ́tìnì. Ọ̀dọ̀ alárinà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ ṣí mosquitto_sub, irinṣẹ́ tó ń bá alárinà Mosquitto wá, sórí kọ̀ǹpútà, ẹ ní kó fetí sí frigate/#, kí ẹnì kan sì rìn kọjá níwájú kámẹ́rà. Bí ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó kọjá náà bá jáde, Frigate àti kámẹ́rà ti bọ́ nínú ẹ̀sùn, ẹ yáa wá àìsàn náà lọ sọ́nà Home Assistant àti fóònù. Bí kò bá jáde, ẹ má fọwọ́ kan Home Assistant rárá. Àyẹ̀wò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ àìsùn òru.

Àìsàn kan wà tó ń jọ àwọn tó ń da àkọsílẹ̀ ilé kan kọ sí òmíràn lójú. Ẹ̀rọ á wọlé, á jáde, á tún wọlé, láìdúró. Ẹ wo client ID. Bí ẹ̀rọ méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà lọ́dọ̀ alárinà, bí èkejì bá ṣe ń wọlé ni alárinà á máa lé èkíní síta, èkíní á tún padà wá, yóò lé èkejì. Ẹ fún oníkálukú lórúkọ tirẹ̀. Láti ìgbà tí Mosquitto 2.0 ti jáde ní ìparí ọdún 2020, kì í gba àlejò láti orí ẹ̀rọ mìíràn mọ́ àfi tí ẹ bá kọ listener fún un, kẹ́ ẹ sì sọ bí àlejò ṣe máa wọlé. Kíá lẹ máa rí ẹni tí yóò ní kí ẹ kọ allow_anonymous true kí ọ̀rọ̀ parí. Lóòótọ́ ọ̀rọ̀ á parí, ilẹ̀kùn náà á sì ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ti mọ Wi-Fi ilé.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tó yẹ ní pípè. Kámẹ́rà tó bá ń pe oníbàárà nítorí ohun tó mira lásán kò níyì. Lálẹ́, iná infrared á pe kòkòrò jọ, aláǹtakùn á tẹ̀lé kòkòrò, á ta òwú sójú kámẹ́rà gan-an. Òjò ń rọ̀, ewé máńgòrò ń mì, fóònù ń dún. Ajá tó bá ń gbó afẹ́fẹ́, onílé á sùn nígbà tó bá ń gbó olè. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo sọ́fítíwíà tó mọ ènìyàn yàtọ̀. Ènìyàn nìkan ni Frigate ń tọ́ lẹ́sẹ̀ bí ẹ kò bá sọ nǹkan mìíràn fún un; ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi rídìí láti fi kún un. Inú àwọn àwòrán COCO tí wọ́n fi kọ́ irú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí lẹ́kọ̀ọ́, oríṣi nǹkan 80 ló wà. Erin wà níbẹ̀, àgùntàn wà níbẹ̀, ewúrẹ́ kò sí. Nítorí náà, bí kámẹ́rà àdúgbò yín bá pe ewúrẹ́ ní ajá tàbí àgùntàn, ẹ má bá a jà, kò bá a pàdé rí ni.

Ẹ fa ààlà. Ènìyàn tó ń kọjá lójú títì kò kan onílé. Ẹni tó wọ iwájú géètì ló kàn án. Frigate ń pe ààlà bẹ́ẹ̀ ní zone. Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀, nítorí ìránṣẹ́ tó ń jáde lórí frigate/events kì í ṣe ẹyọ kan fún ènìyàn kan. Ó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú new, àwọn update á tẹ̀lé e, á parí sí end, ẹnì kan ṣoṣo náà ni gbogbo rẹ̀ ń sọ. Bí ẹ bá ní kí fóònù dún lórí ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àlejò kan á dún bí ogún. Bí ẹ bá sì ní new nìkan lẹ fẹ́, ẹni tó yọ láti òpópónà kó tó yà sí géètì kò ní dún rárá, torí kò tíì wọ ààlà nígbà tí new jáde. Inú ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, before àti after wà. Ẹ wo entered_zones níbẹ̀: bí géètì kò bá sí nínú before, tó wá wà nínú after, ìgbà yẹn ni kí fóònù dún. Lẹ́ẹ̀kan. Aago inú ìránṣẹ́ náà, UTC ni. Wákàtí kan ni tiwa fi ṣáájú rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi retain, ìyẹn àṣẹ pé kí alárinà tọ́jú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó wà bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fi í sí, bíi pé kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá kọ́ automation tiyín tó ń sọ pé ènìyàn wà ní géètì, tí ẹ fi retain sí i, ọjọ́ tí Home Assistant bá tún tàn lágogo mẹ́ta òru, alárinà á fún un ní ìròyìn àná bíi pé tuntun ni, síréènì á ké, gbogbo àdúgbò á jí. Bákan náà, bí ẹ bá ń pàṣẹ fún iná tàbí síréènì, ẹ sọ ON tàbí OFF ní kedere, ẹ má sọ pé kó yí padà. QoS 1, ìlànà tó ń rí i pé ìránṣẹ́ dé, lè mú ìránṣẹ́ kan dé lẹ́ẹ̀mejì. ON lẹ́ẹ̀mejì kò ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n yí padà lẹ́ẹ̀mejì, iná tó tàn á kú.

Nísinsìnyí, ìdákẹ́jẹ́. Fóònù kò dún lóru àná. Ṣé kò sẹ́ni tó wá ni, àbí kámẹ́rà ti kú? Oníbàárà kò lè mọ̀, àyàfi tí ẹ bá ti ṣètò rẹ̀. MQTT ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Last Will, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ alárinà pé bí òun bá kú lójijì, kó bá òun kéde. Frigate ń lò ó lórí frigate/available: online nígbà tó wà láàyè, offline bó bá kú lójijì. Bí wáyà bá já, tí keepalive sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 60, alárinà á dúró dé 90 kó tó kéde ikú. Ẹ jẹ́ kí ìkéde yẹn dé fóònù onílé.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ń dúró sí nìyẹn, kò sì tó. Olè tó gé wáyà kámẹ́rà ẹ̀yìnkùlé kò pa Frigate. Frigate á wà láàyè, á ní online lòun wà, ojú rẹ̀ kan á sì ti fọ́. Ẹ lọ wo frigate/stats. Níbẹ̀ ló ti ń sọ camera_fps kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan. Bí iye yẹn bá já sí òdo fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kámẹ́rà náà kò ríran mọ́, ẹ jẹ́ kó pariwo.

Bí iná gbogbo ilé bá wá lọ ńkọ́, tí inverter sì ti rẹ̀? Alárinà fúnra rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tí yóò ka ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ẹnikẹ́ni. Nítorí èyí, ẹ fi ẹ̀rọ kan síta ilé náà, tí ilé á máa kí ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún. Bí ìkíni bá ti pẹ́ jù, kí ẹ̀rọ ìta pe onílé. Kí ẹ sì tó so inverter, ẹ ka ohun tó gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀: rọ́tà, switch, kọ̀ǹpútà Frigate, alárinà. Mo ti dé ilé tí kámẹ́rà mẹ́jọ wà lórí inverter tí rọ́tà wà lórí iná NEPA.

Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá kámẹ́rà wá láti ilé iṣẹ́ padà. Lọ́dún 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai wọ inú àìmọye kámẹ́rà àti DVR tí wọn kò yí tiwọn padà, ó fi wọ́n kọlu ilé iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà tó ń tọ́ka ọ̀nà sí àwọn ojúlé wẹ́ẹ̀bù, Twitter àti Netflix sì di ohun tí ọ̀pọ̀ kò rí lò fún wákàtí púpọ̀. Ẹ má ṣí port 1883, ilẹ̀kùn MQTT, síta fún ayé. Ẹ má sì jẹ́ kí kámẹ́rà nìkan dá ṣí géètì, bó ti wù kí oníbàárà bẹ̀ yín tó. Kó tan iná, kó pe ọlọ́dẹ, ó tó bẹ́ẹ̀. Ní ti fèrèsé aládùúgbò, ẹ bò ó nínú àwòrán. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 yọ ohun tí ènìyàn ń lò fún ilé ara rẹ̀ sílẹ̀, bí kò bá ṣá ti tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn sí ìkọ̀kọ̀ mọ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù àti hòtẹ́ẹ̀lì kò sí nínú ìyọsílẹ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba owó ìparí, ẹ má fi àwòrán han oníbàárà nìkan. Ẹ jẹ́ kó di fóònù rẹ̀ mú. Kí ẹnì kan wọ géètì, kó gbọ́ bó ṣe dún. Ẹ yọ wáyà kámẹ́rà kan, kó gbọ́. Ẹ pa Frigate, kó gbọ́. Ẹ wá pa iná gbogbo ilé, kí ẹ jọ dúró síta títí fóònù á fi dún. Bí kò bá dún, ẹ dá owó náà padà sọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gba inú ilé lọ.