Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Ìmọ̀ràn fún Aboyún tí Ibi Iṣẹ́ Rẹ̀ Kò Fún ní Ìsinmi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Oyún kì í ṣe ogun, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a fi ayọ̀ wé ìbànújẹ́. Ọmọ ni iyùn, ọmọ ni ìdẹ̀ra, òun ni a ń wò tí a fi ń gbàgbé òógùn ojú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí í gba owó lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn, ìbáà ṣe àìsàn, ìbáà ṣe òkú, ìbáà ṣe ẹjọ́ tàbí ilé tó jó, n kò mọ èyí tí í fún ni ní àyè ìpalẹ̀mọ́ tó oyún. Àìsàn kì í ránṣẹ́ kí ó tó dé. Oyún a máa ránṣẹ́, a sì dúró de ìdáhùn fún oṣù mẹ́sàn-án. Ìdí nìyí tí ó fi ń dùn mí wọ akínyẹmí ara nígbà tí mo bá rí ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, tí ó mọ̀ ní oṣù kejì pé òun ti lóyún, tí ó sì jẹ́ pé oṣù kẹjọ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè ibi tí owó yóò ti wá. A kì í ti ojú ogun wẹ́fọ́n.

Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 16, owó oṣù wọn sì ń wọlé. Láti ọdún 2014 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì ti sọ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́bìnrin rẹ̀ di oṣù mẹ́fà fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, tí wọ́n sì fún bàbá ọmọ ní ọjọ́ 10. Olùkọ́ ilé ìwé aládàáni ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àti ọmọbìnrin tó ń bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù, àti ẹni tó ń di omi sínú ọ̀rá, àti aránṣọ tó ń gba owó ọ̀sẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá la ẹnu béèrè ìsinmi ìbímọ, èsì tí wọn yóò gbọ́ ni pé, "A kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níbí."

Mo fi ojú ara mi rí ọ̀kan nínú wọn ní ọjà Gbági tuntun ní Ìbàdàn. Ó ń bá wọn ta àǹkárá àti léèsì, ó sì ti lo ọdún méjì àti ààbọ̀ níbẹ̀ nígbà tí oyún dé. Ẹ̀rù bà á pé bí ọ̀gá òun bá gbọ́, iṣẹ́ bọ́. Nítorí náà, bùbá gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó ń wọ̀, ìdì aṣọ ni ó sì máa ń gbé mọ́ àyà bí ó bá fẹ́ kọjá níwájú ìyá tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, tí àwa oníbàárà fi rò pé ìfẹ́ ọjà ni. Ní oṣù keje, ó gun àkàbà láti mú léèsì kan wálẹ̀ láti orí pẹpẹ, òòyì kọ́ ọ, ó sì rọra jókòó sílẹ̀ láàárín aṣọ tó tú ká. Àṣírí tú. Ọ̀gá rẹ̀ ka owó rẹ̀ dé ọjọ́ yẹn, ó ní kó máa lọ sílé. Nígbà tí mo bá ìyá náà wí, ó ní kì í ṣe oyún ni ó bí òun nínú, ẹ̀tàn ni. Ohun tí ó ṣe kò dára, mo sì sọ fún un lójú rẹ̀ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kọ́ nínú ọ̀ràn náà ni pé ìpamọ́ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ọmọbìnrin náà lè palẹ̀ ohunkóhun mọ́, nítorí ẹni tó ń fi oyún pamọ́ kò lè tọrọ àyè láti lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní àárín ọ̀sẹ̀, kò lè ra aṣọ ọmọ kí ojú má tó o, kò sì lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìmọ̀ràn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí oyún bá ti pé oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó tó hàn sójú ayé, bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀. Má ṣe dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, má sì ṣe lọ bá a ní ọjọ́ tí ìdààmú owó bá wà lójú rẹ̀. Wá ìrọ̀lẹ́ tí ara tu, kí o kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ Yorùbá, kí o sì fi ọjọ́ tí o ń retí, iye ọ̀sẹ̀ tí o fẹ́, àti ẹni tí yóò dúró ní ipò rẹ síwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ìkúnlẹ̀ yìí kì í ṣe ti ẹni tó ń tọrọ bárà, nítorí òfin wà. Abala 54 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ ọ́ gbangba, fún ilé iṣẹ́, ilé ìṣòwò àti oko ńlá, ìbáà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni, pé bí aboyún bá mú ìwé dókítà wá tí ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ó bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ní ẹ̀tọ́ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Pé a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó tẹ̀ lé ìbímọ. Pé bí ó bá ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà láìdúró ṣáájú ìgbà náà, owó tí a ó máa san fún un kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀. Àti pé a kò gbọdọ̀ já ìwé ìdádúró fún un nígbà tí ó bá wà nínú ìsinmi náà. Ẹ wò ó dáadáa: ìwé dókítà ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kò ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ẹ tún ka oṣù mẹ́fà yẹn lórí ìka, kí ẹ má ṣe fi ìbínú fi ibi iṣẹ́ àtijọ́ sílẹ̀ lọ síbi tuntun nígbà tí oyún ti wà nínú. Agbẹjọ́rò lè bá olùkọ́ jiyàn bóyá ilé ìwé wà lára àwọn tí abala yìí dárúkọ, síbẹ̀ òun ni òṣùwọ̀n tí olùkọ́ lè gbé kalẹ̀ níwájú ẹni tó ni ilé ìwé, kí ó sì sọ pé, "Ẹ̀yin màmá, ìwọ̀n tí ìjọba gé nìyí." Bí etí bá di, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn agbẹjọ́rò obìnrin tí a ń pè ní FIDA a sì máa gbọ́ ẹjọ́ obìnrin. Ilé ẹjọ́ tó wà fún ọ̀ràn iṣẹ́ náà ń jókòó ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ padà sí ibi iṣẹ́ yẹn, kí ó kọ́kọ́ lo gbogbo ọ̀nà yòókù tán.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ owó, nítorí ìdajì owó oṣù kò lè gbé odindi ilé. Èrò tèmi ni pé ìsinmi tí ọ̀gá kò bá fún ọ, rírà ni o gbọ́dọ̀ rà á, kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti mọ̀ pé o lóyún. Ìyàwó àbúrò mi, tí í ṣe olùkọ́ Prámárì 2 ní ilé ìwé aládàáni kan, fi èyí hàn mí. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 50,000 náírà, kò sì sí ohun tó ń jẹ́ ìsinmi ìbímọ níbẹ̀. Ní oṣù kejì oyún, ó gba káàdì lọ́wọ́ alájọ, káàdì pẹlẹbẹ tó ní ojú 31, ó sì ń dá 500 náírà lójoojúmọ́: òun mú 300 wá, ọkọ rẹ̀ mú 200. Alájọ mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí àṣà, 15,000 sì kù fún un nínú oṣù ọlọ́jọ́ 31. Kò fọwọ́ kàn án. Bí alájọ bá ti sanwó ní ìparí oṣù, inú àkáǹtì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó ń kó o sí, kí ó má bàa di owó ọbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méje, owó náà ti lé ní 100,000 náírà, èyí tó ju owó oṣù méjì rẹ̀ lọ.

Orúkọ ẹgbẹ́ yẹn máa ń dùn létí mi: alájẹṣẹ́kù, ẹni tó jẹ tí ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ẹsẹ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ọdún 1935, wọ́n sì ti inú rẹ̀ dá báńkì tiwọn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1953. Èésú tó ṣáájú rẹ̀ tilẹ̀ bá àwọn ará wa kọjá òkun; ní Trinidad, sou-sou ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ kí oyún tó dé lè yá ìlọ́po ohun tí ó fi pamọ́ pẹ̀lú èlé tí ojú gbà. Èyí sàn ju owó sogún-dogójì lọ, ó sì sàn ju owó àyálò orí fóònù tí í fi orúkọ ẹni ránṣẹ́ sí gbogbo ojúlùmọ̀ bí ọjọ́ bá yẹ̀.

Àgbà ìwà ìyàwó àbúrò mi ni ohun tí ó tún ṣe lẹ́yìn ọ̀rọ̀ owó yìí. Ní ayé àwọn bàbá wa, bí ilẹ̀ oko bá pọ̀ ju agbára ẹnìkan lọ, àáró ni wọ́n ń ṣe: lónìí oko tìrẹ, lọ́la oko tèmi. Òun náà ṣe bẹ́ẹ̀: ó pe àwọn olùkọ́bìnrin méjì tí kíláàsì wọn wà nítòsí tirẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi mú àwọn ọmọ mi fún ọ̀sẹ̀ 12, nígbà tí ó bá kàn yín, èmi náà yóò mú tiyín." Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ wọlé tọ ìyá tó ni ilé ìwé lọ, pẹ̀lú ìwé dókítà àti àkọsílẹ̀ bí wọn yóò ṣe pín iṣẹ́ náà. Àìrìnpọ̀ ejò ní í jẹ ọmọ ejò níyà. Ìyá náà wo ìwé, ó wo ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó rí i pé kò sí olùkọ́ tuntun tí òun yóò gbà, kò sì sí òbí ọmọ tí yóò wá ráhùn, ni ó bá gbà láti máa san ìdajì owó oṣù rẹ̀. Ọdún kejì, ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn bímọ, wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, ọ̀rọ̀ kàn yín. 200 náírà ọjọ́ kan kò pọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó sọ oyún náà di ti ẹni méjì. Ẹ̀yin ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó, kí ẹ tó wá tọ́jú abiyamọ, ẹ ti ilé mú èlùbọ́, gàrí àti òrí wá, nítorí àlejò tó ń jẹun nínú owó ìsinmi ń dín ọ̀sẹ̀ ìsinmi kù. Ní ti ìkómọjáde, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òtítọ́. Omi, iyọ̀, oyin, obì, orógbó àti ataare ni àṣà ní kí a gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí í sọ ni di onígbèsè. Àga àyálò, ẹ̀rọ olóhùn gooro àti aṣọ ẹbí ni í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Aṣọ ọmọ ọwọ́ kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ tuntun. Èyí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n ti wọ̀, tí a fọ̀, tí a sá lóòrùn, tí a sì lọ̀, aṣọ ni.

Ìtọ́jú ìbímọ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí a ń gé owó lára rẹ̀. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò kò wọ́n bí ti aládàáni. Bí ìpínlẹ̀ rẹ bá ní ètò adójútòfò ìlera, bí Ìlera Èkó, wọ inú rẹ̀ ní kùtùkùtù, kí o sì béèrè kí o tó sanwó bóyá iṣẹ́ abẹ wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ìtọ́jú aboyún yóò bẹ̀rẹ̀. Mo rọ̀ yín, ẹ má ṣe fi ojú owó wo ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tí o bá sì padà sẹ́nu iṣẹ́, rántí pé Òfin Iṣẹ́ kan náà fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nínú àkókò iṣẹ́. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Omi ọyàn nìkan fún oṣù mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bí àjọ ìlera àgbáyé ti là á sílẹ̀, ni oúnjẹ tó dára jù fún ọmọ, wàrà inú agolo tí o kò rà sì jẹ́ owó tó ṣì wà nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀bù, púpọ̀ nínú yín jẹ́ ìyá. Ẹ rántí ìkúnlẹ̀ tiyín. Ìwọ ọmọ mi tí oyún ti wà nínú rẹ, tí o kò sì tíì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ owó, jókòó ti ọkọ rẹ lálẹ́ òní, kí ẹ kọ iye tí ẹ óò máa dá lóòjọ́ sórí ìwé, kí alájọ tó kọjá lọ́la.